Kọ́kọ́rọ́ Kejì Wà ní Ẹ̀pẹ́

Ìka méjì ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọ mi kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló ń sọ. Òótọ́ náà kò gùn: òun nìkan kò lè ṣí i. Ó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n dè é mọ́ àga. Ó tún sọ ọ́ nígbà tí àdá kọ́kọ́ bà á. Wọ́n pè é ní alágídí.

Jọláolúwa lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́rin. Òun nìkan ni mo bí. Ohun tí ojú mi rí ni n ó kọ síbí, àti ohun tí Ṣẹ̀rífátù, tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ìka náà, sọ fún mi. N kò ní bù mọ́ ọn.

Ní ọdún 2006 ni òun àti Ṣẹ̀rífátù, tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, gba yàrá méjì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà Ṣàgámù, ní Ìkòròdú. Àká ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ wọn. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń bá àwọn ẹbí tọ́jú. Ẹni tó bá ní ìwé àdéhùn tàbí àwòrán tí awọnlẹ̀ yà, yóò gbé e wá. Wọn á ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọn á fi èdìdì tiwọn sí i, wọn á sì fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n háyà ní òkè òkun. Láti ọjọ́ náà, yálà olówó rẹ̀ wà ní Agbówà tàbí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wà, yóò rí ìwé rẹ̀. Iná kò lè jó o, ikán kò lè jẹ ẹ́. Ní agbègbè wa yìí, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá, ohun ńlá ni.

Èmi kò mọ kọ̀ǹpútà. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Yàrá irin tí wọ́n ń kó owó pamọ́ sí ni mo ń ṣọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Ẹ̀pẹ́, sí ilé bàbá mi tó wà lẹ́yìn Ọjà Olúwo, níbi tí òórùn ẹja kì í ti í kúrò lára aṣọ.

Ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún náà, Jọláolúwa wá kí mi. Kò jẹun dáadáa. Mo bi í ohun tó ń dà á láàmú.

"Bàámi, àwọn olè tó wà níta kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Àwa tí a wà nínú ilé gan-an ni."

"Ẹ fẹ́ jalè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ilé yẹn. Kò sí ilẹ̀kùn tí n kò lè ṣí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá di ọrùn mi mú, ó ti di ìwé gbogbo àwọn èèyàn mú nìyẹn."

Mo sọ fún un bí a ṣe ń ṣe ní yàrá irin. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń gbé ní Yábàá. A kì í jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá síbi iṣẹ́. Nínú gbogbo ọdún yẹn, n kò dá nìkan wọ yàrá náà rí, àní láti gbálẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá, inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ méjì sí Àká. Ìwé tí wọ́n bá ti fi èdìdì sí, kò sí ẹni tó lè dá a pa rẹ́ tàbí kó dá a yí padà mọ́. Òun tàbí Ṣẹ̀rífátù yóò tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí kan ní Ìkòròdú. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yóò tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbòmíràn. Ìwé ilé iṣẹ́ wọn pàápàá, àti gbogbo àṣírí tí wọ́n fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá náà, inú Àká kan náà ni wọ́n kó wọn sí, lábẹ́ òfin kan náà.

"Ọbẹ̀ tí a kò lè jẹ," ó ní, "a ò gbọdọ̀ sè é fún oníbàárà."

"Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ kejì?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà?"

"Bàámi, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ta ni yóò wá a dé ọ̀dọ̀ yín?"

Ó kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ àṣírí mi jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlá, orí ni mo fi pa á mọ́, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pè mí pé kí n lọ tẹ̀ ẹ́ ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan nítòsí ọjà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀, nítorí pé ìdáhùn tí wọ́n fún mi kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣẹ̀rífátù bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Ẹ̀pẹ́. Bí oníbàárà kan bá ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n yára, tí ó bá ti jáde tán, yóò kọjú sí Jọláolúwa, yóò sì ní, "Má wulẹ̀ pè é. Ọ̀gá Ẹ̀pẹ́ ò ní gbà. Àfi ká máa lọ sílé."

Ṣùgbọ́n àárín àwa mẹ́ta nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. A fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà rárá, áńbọ̀sì ẹni tó mú un. A rò pé bí ó ṣe fara sin yẹn, agbára mìíràn ni.

Lára àwọn tó kó ìwé wá sí Àká ni Alájì Tàófíìkì, olórí ẹbí kan ní Ìjẹ̀dẹ́. Ilé mẹ́rìndínlógún ló wà lórí ilẹ̀ wọn létí ọ̀sà, apẹja ni ọ̀pọ̀ wọn. Bísíríyù, ajagungbalẹ̀ tí gbogbo Ìkòròdú mọ̀, ti ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé olówó ńlá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn jàǹdùkú rẹ̀ dáná sun ilé Alájì pẹ̀lú àpótí ìwé tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi òkúta fọ́ apá àbúrò Alájì nígbà tó fẹ́ wọlé lọ gbé àpótí náà. Bísíríyù rò pé ó ti parí.

Ní oṣù kẹfà, ní kóòtù, lọ́yà Alájì ní kí Ṣẹ̀rífátù gbé kọ̀ǹpútà wá. Gbogbo ìwé náà hàn lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú èdìdì àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Lọ́yà Bísíríyù bi í pé, "Ta ló lè yí ìwé yìí padà?"

Ó dáhùn gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àwa mẹ́ta. "Ilé iṣẹ́ wa nìkan, sà."

Bísíríyù jókòó sí ìlà kejì. Ó gbọ́ ọ. Adájọ́ sún ẹjọ́ sí ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù keje, kí kóòtù lè tún yẹ ìwé náà wò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ọkùnrin mẹ́rin gun àtẹ̀gùn Àká. Bísíríyù wọ aṣọ funfun. Ó kí wọn kú iṣẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e, Dáúdà, gbé àpò sìmẹ́ńtì kan dání. Nígbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ó yọ àdá àti páìpù irin kan nínú rẹ̀.

"Àbúrò," Bísíríyù wí fún ọmọ mi, "mi ò bá ẹ jà. Pa ìwé Tàófíìkì rẹ́, ká máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè dá a ṣe."

"Ta ló kọ́ nǹkan yìí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo kọ́ ọ, o ò wá lè wó o?"

Dáúdà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ wo bíríkìlà tí ò mọ ẹnu ọ̀nà ilé tó mọ!"

Wọ́n fi páìpù gbá a lórúnkún. Ṣẹ̀rífátù ní òun gbọ́ bí egungun náà ṣe dún. Wọ́n dè é mọ́ àga, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì. Bísíríyù tún béèrè. Ó tún sọ òótọ́ kan náà. Dáúdà gbé àdá sókè, ìka kékeré lọ. Ọmọ mi ké. Ó ní, "Kì í ṣe èmi nìkan, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run." Bísíríyù ní kò burú, ó ṣì ku mẹ́sàn-án.

Ìgbà tí ìka kejì jábọ́ sílẹ̀, Ṣẹ̀rífátù kígbe. Ẹnì kan ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. "Bàbá rẹ̀ ni! Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni èkejì wà, ní Ẹ̀pẹ́!"

Ó ní Jọláolúwa wo òun. Ó ní ojú náà kì í ṣe ti ìbínú. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé bí mo bá wà nípò rẹ̀, èmi náà ì bá kígbe kan náà, bóyá nígbà ìka àkọ́kọ́.

Wọ́n ní kí ọmọ mi tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi ìborùn Ṣẹ̀rífátù di ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìmọ̀tà kọjá sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn méjì yòókù dúró ti Ṣẹ̀rífátù ní Ìkòròdú kí ó má bàa pe ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́ta kọjá nígbà tí wọ́n dé. Mo ń gbọ́ rédíò ní pálọ̀. Mo rí ọkùnrin aláṣọ funfun kan tó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ má bínú pé a ò ránṣẹ́ ṣáájú."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dáúdà ń fi kọ́là ẹ̀wù wọ́ ọmọ mi wọlé bí ẹni ń wọ́ àpò ìyàngbò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti funfun. N kò tíì rí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo dìde, Dáúdà sì fi páìpù tì mí láyà, mo tún jókòó.

Bísíríyù ṣí lápútọ́ọ̀pù sórí ẹsẹ̀ mi. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù bí ọmọ gidi. Orúkọ ẹbí Tàófíìkì wà níbẹ̀, ibi tí ọmọ mi ti tẹ tirẹ̀ wà níbẹ̀, àyè kan ṣófo.

"Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ni, bàbá. Ẹ máa gbé e lọ sọ́sibítù lẹ́yìn ìyẹn."

"Bàámi, ẹ má tẹ̀ ẹ́," Jọláolúwa ní. Ilẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí. "Ilé mẹ́rìndínlógún ni."

Mo mọ iye ilé náà. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Mo tẹ̀ ẹ́.

Íńtánẹ́ẹ̀tì kò tètè gbà á. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n tì bọ ìdí lápútọ́ọ̀pù ń tàn, ó ń kú. Mo tún un tẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dé etí ẹní. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ jáde: *A ti gbà á. Ìwé yìí yóò parẹ́ lẹ́yìn wákàtí méjìléláàádọ́rin.*

Èmi náà kò rí irú rẹ̀ rí.

Bísíríyù kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Kí lèyí?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ mi. "Kí ni ọjọ́ mẹ́ta?"

"Bó ṣe rí nìyẹn," Jọláolúwa ní. "Kò sí ẹni tó lè mú un yá. Èmi pàápàá."

"Mú un kúrò."

"Kò ṣeé mú kúrò, ẹ̀gbọ́n. Nítorí irú yín la ṣe fi síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìrora. Dáúdà ní, "O ń fi ọ̀gá mi ṣẹ̀sín?" ó sì gbé páìpù. Ẹ̀ẹ̀kan ló gbá a ní orí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Mo ta lé Dáúdà lórí. Eyín mi bà á lápá, mo sì tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi nímú, ó fẹsẹ̀ ta mí ní ìhà títí mo fi dákẹ́ sílẹ̀. Ó tún padà gbá ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì, níbi kan náà. Bísíríyù ló fà á sẹ́yìn. Kì í ṣe nítorí àánú. Ó ní, "Ó tó, òmùgọ̀, a ṣì nílò wọn."

Kí ó tó jáde, ó nu bàtà rẹ̀ sí ẹní mi. "Ọjọ́ Àìkú, ní irú àkókò yìí, a óò padà wá wò ó. Bẹ́nikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, bàbá, ẹ̀yin náà ti mọ̀."

Adéòjó, agbẹ́kọ̀ tó ń gbé ní ìkejì ilé mi, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Orí ọmọ mi wà lórí itan mi. Ó ń mí bí ẹni tí omi wọ̀ lẹ́nu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ṣáájú aago meje, ó dákẹ́. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo padà sí ilé, mo fọ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ fúnra mi. Ní ìrọ̀lẹ́, àlùfáà wá, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Ṣẹ̀rífátù dé. Wọ́n ti fi aṣọ wé orí rẹ̀, ojú òsì rẹ̀ kò ṣí. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti fi í sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí Bísíríyù pè wọ́n. Ó kúnlẹ̀, kò fẹ́ dìde. Mo ní kó jókòó.

"Ìgbà wo lẹ fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn sí i?" mo bi í.

"Lọ́dún tó kọjá, Bàbá, lẹ́yìn ìgbà ìkẹyìn tí a pè yín. Òun ló ní ká fi sí i."

"Kò sọ fún mi."

"Ó ní kí n má sọ fún yín." Ó wo ilẹ̀. "Ó ní ẹ ó tẹ̀ ẹ́."

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní òkúta ni gbogbo ayé rò pé ẹ jẹ́. Ó ní bí wọ́n bá gbé òun wá síwájú yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, òun ò sì ní bínú sí yín láéláé. Ó ní torí náà, ilẹ̀kùn yẹn gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kó tó ṣí."

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí mo rò pé mò ń tọ́ ti mọ̀ mí tán.

Nígbà tí mo wọlé, ó sọ ìyókù fún mi. Èèyàn méjì ló ń ṣí i, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó láti tì í. Títí di aago mẹ́rin ọ̀la, èyíkéyìí nínú àwa tó ní kọ́kọ́rọ́ lè dá a dúró, ìwé náà yóò sì wà bó ṣe wà.

"Kí ló dé tí o kò tíì ṣe é?"

"Mo ti jókòó tì í lálẹ́ àná, Bàbá. Ọwọ́ mi ò gbé e. Orúkọ ẹni tó bá tì í máa hàn lábẹ́ ìwé yẹn, kò ṣeé pa rẹ́. Ìwé tó bá ti dé kóòtù, gbogbo ẹni tó bá ní nọ́ńbà ẹjọ́ ló lè wò ó. Bísíríyù á rí i. Ó mọ ilé ìyá mi."

"Ó mọ ilé tèmi náà," mo ní. "Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá."

Mo tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlá náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Mojúbàolú Sàlàkọ́ dá a dúró*, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Mo ní kí ó kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kíá, kí ó mú ìyá rẹ̀, kí wọ́n lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

N kò pe ẹnikẹ́ni. Adéòjó ló wá fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. "Bàbá Jọlá, ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀?" Mo sọ fún un. Ó gba ọ̀nà etí omi lọ.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti aago méjì. Bísíríyù àti Dáúdà dé ní aago mẹ́ta àbọ̀. Aṣọ funfun mìíràn ló wọ̀. Ó ti wo ìwé náà lójú ọ̀nà. Kò kí mi lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí lẹ ṣe yìí, bàbá? Ṣé ẹ ò fẹ́ dàgbà ju báyìí lọ ni?"

"Mo tì í," mo ní.

"Ẹ tún un ṣí."

"Ẹni tó yẹ ká jọ ṣí i, ẹ ti pa á." N kò dárúkọ Ṣẹ̀rífátù.

Dáúdà gbé páìpù. Mo na apá òsì sókè, ó sì ṣẹ́ ẹ níwájú ìgbọ̀nwọ́. Mo rí egungun. Èkejì bà mí ní èjìká, mo ṣubú láti orí àga. Ó gbé e sókè fún ẹ̀kẹta nígbà tí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kan gbá a láti ẹ̀yìn.

Àwọn ọlọ́kọ̀ Olúwo ni, bí ogún, pẹ̀lú àjẹ̀ àti àdá. Adéòjó ló ṣíwájú wọn. Dáúdà yípo, ó yọ ọ̀bẹ, ó sì gún ọ̀kan nínú wọn ní itan. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè ka iye àjẹ̀ tó bà á. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, agbárí rẹ̀ ti là, kò mí mọ́. Bísíríyù ti sá dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀. Wọ́n fà á padà, wọ́n lù ú títí aṣọ funfun náà kò fi funfun mọ́, wọ́n sì jù ú síwájú mi. Ẹnì kan ti yí táyà dé. Ẹlòmíràn gbé gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróò.

Ó jókòó sílẹ̀, ó tu eyín méjì sọ́wọ́, ó wò wọ́n.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ n sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan."

Adéòjó gbá a lẹ́nu. "Pa ẹnu ẹ mọ́, apànìyàn!"

"Jẹ́ kó sọ ọ́," mo ní.

"Ọmọbìnrin tó ń bá ọmọ yín ṣiṣẹ́ dúró ní kóòtù, ó ní ilé iṣẹ́ àwọn nìkan ló lè yí i. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Bó bá ti sọ pé ẹnì kan ò lè dá a ṣí, pé ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta, kí ni n bá wá ṣe lọ́dọ̀ ọmọ yín? Ṣé mo lè jí gbogbo ìlú gbé fún ọjọ́ mẹ́ta ni? Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n da epo lé e lórí. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà mọ́.

Ní ilé ìfowópamọ́ wa, pátákó kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá irin. Ọ̀kan bíi rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ìta, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: *Kò sí òṣìṣẹ́ kan níbí tó lè dá nìkan ṣí yàrá irin.* Ní ọdún 1984, àwọn adigunjalè mẹ́fà wọlé wá pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn tì mí mọ́ ilẹ̀kùn náà, ó fi ẹnu ìbọn sí mi láyà, ó gbójú sókè, ó ka pátákó náà. Ó ṣépè. Ó fi mí sílẹ̀, wọ́n kó ohun tó wà ní iwájú, wọ́n lọ. Mo padà sílé lọ́jọ́ náà, mo gbé ọmọ ọdún mẹ́fà mi lé ẹsẹ̀.

Nígbà tó dàgbà tó ń kọ́ Àká, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́ méjì fún un. N kò sọ ti pátákó tó gbà mí là.

"Bàbá Jọlá, ẹ sọ̀rọ̀," Adéòjó ní. Ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí.

Mo fẹ́ kí ó jóná. N kò ní purọ́ níbí, mo fẹ́ ẹ títí dé inú egungun. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, n kò sì lè fi iná bo ẹnu tó sọ ọ́ kí n lè máa sùn.

"Ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá," mo ní.

Adéòjó ju ìṣáná mọ́lẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ.

Mo ní kí ẹnì kan bá mi pe nọ́ńbà Ṣẹ̀rífátù, kí ó gbé fóònù sí mi létí.

"Ọ̀la," mo ní, "bí wọ́n bá tún bi ọ́ ní kóòtù pé ta ló lè yí ìwé náà padà, sọ gbogbo rẹ̀. Pé èèyàn méjì ni. Pé ọjọ́ mẹ́ta ni. Pé ẹnì kan lè tì í. Sọ ọ́ kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn pàápàá gbọ́."

"Orúkọ yín ńkọ́, Bàbá?"

"Dárúkọ mi," mo ní. "Sì dárúkọ ìlú mi mọ́ ọn."